Ọwọ́ Òsì Ọkọ̀ Náà

Òòfà náà tún já bọ́, ó sì bọ́ sínú koríko. Àlùdán bẹ̀rẹ̀, ó he é, ó fi etí ẹ̀wù rẹ̀ nù ún bí ẹni pé ẹ̀bi òòfà ni. Láti nǹkan bíi wákàtí kan tí ó ti ń yí ọkọ̀ àtijọ́ náà po, kò sí ibi tí ó fi í lé tí kò lẹ̀ mọ́: ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òrùlé, ìdérí búùtù, fẹ́ńdà ọ̀tún. Irin gidi ni gbogbo rẹ̀. Fẹ́ńdà òsì, níwájú, lábẹ́ iná, nìkan ni òòfà kò ti rí ohun tí yóò dì mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ó tún já?" ni Tíṣà bi í láti inú ọkọ̀, níbi tí ó jókòó sí nídìí sítíárìn bí ọba. "Àbí òòfà yín ti dàgbà ni?"

"Ọwọ́ mi ló ń làágùn," ni Àlùdán dá a lóhùn.

Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ni Tíṣà. Sáyẹ́ǹsì ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, ṣùgbọ́n ọkọ̀ àtijọ́ ni ọkàn rẹ̀ fà sí jù láyé. Odindi ọdún mẹ́rin ni ó fi wá irú ọkọ̀ yìí, èyí tí iná rẹ̀ rí roboto, tí imú rẹ̀ sì gùn, tí kò sí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é mọ́. Nígbà tí ó gbọ́ ní àná pé ọ̀kan wà ní ẹ̀yìnkùlé ilé kan létí ìlú, tí wọ́n sì fẹ́ tà á, kò jẹ́ kí ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹun ọ̀sán tán tí ó fi fà á dìde. Ta ni ì bá tún mú lọ? Nínú gbogbo àwọn tó ń lu ara ọkọ̀ nílùú náà, kò sí ẹni tó tó Àlùdán. Ọkọ̀ tí ó forí sọ igi tí ó sì rún wómúwómú, òun ni yóò lù ú títí yóò fi dán. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un lórúkọ.

Kí òòfà tó já bọ́, ohun rere nìkan ni ó ń jáde lẹ́nu Àlùdán. Ó ti wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ tòun ti tọ́ọ̀ṣì, ó fi ẹnu sikuduráfà gún ilẹ̀ ọkọ̀ kiri, ibi tí ó ti jẹrà kò sì ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó ti gbé ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan sókè díẹ̀ láti mọ̀ bóyá ìdè rẹ̀ ti jẹ. Ó ti fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì, ó sì yí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kùn bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun. Aláǹgbá ti yé ẹyin sábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, eku ti jẹ wáyà, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti di pẹlẹbẹ. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan bàbàrà fún ẹni tó mọṣẹ́. Páànù tí wọ́n fi bò ó lórí ti gbà á lọ́wọ́ òjò.

"Ó lé ní ogún ọdún tó ti wà lójú kan náà," ni obìnrin tí ó fẹ́ ta ọkọ̀ náà wí. Nọ́ọ̀sì ni, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì ń wo aago lemọ́lemọ́. "Bàbá mi kò wà á mọ́, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà á. Nígbà tí a wà ní kékeré, tí bọ́ọ̀lù wa bá yí lọ sábẹ́ rẹ̀, a ó gbàgbé bọ́ọ̀lù yẹn ni. Ta ló fẹ́ jẹ ẹgba?"

"Kí ló wá dé tí wọn kò wà á mọ́?" ni Tíṣà bi í.

"Wọn kò sọ. Ta sì ni yóò bi wọ́n?"

Bàbá tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, orí àga onítáyà, pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n tẹ́ lé e ní itan. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ, ó sì ti mú ohùn rẹ̀ lọ pẹ̀lú. Ọwọ́ òsì ni ó fi di ọ̀pá mú. Àlùdán ti kí i nígbà tí wọ́n wọlé, ó ti dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bí ó ti yẹ, kò sì wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ta ló ń tẹjú mọ́ aláìsàn? Bàbá náà ní tirẹ̀ kò gbé ojú kúrò lára Àlùdán láti ìgbà náà. Kò wo Tíṣà. Kò wo ọkọ̀.

Àlùdán yọ ọ̀bẹ pẹlẹbẹ kékeré kan nínú àpò, ó ha ojú ọ̀dà fẹ́ńdà náà fínnífínní. Ọ̀dà náà ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Búlúù ni ó wà lókè. Nísàlẹ̀ búlúù, àwọ̀ ewé.

Ó fi àtàǹpàkò bo ojú ibi tí ó ha náà bí ẹni pé ó ń ṣẹ̀jẹ̀.

Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀pá lu ilẹ̀. Kò, kò, kò. Ó dákẹ́ díẹ̀. Kò, kò, kò.

"Ẹ má dá wọn lóhùn," ni nọ́ọ̀sì wí. "Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí wọ́n bá fẹ́ kí èèyàn ṣe kíá."

Bẹ́ẹ̀ ni Àlùdán mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe ojú rẹ̀ ni ó fi mọ̀ ọ́n, nítorí ojú náà ti yẹ̀. Ìlù mẹ́ta yẹn ni.

Ní ọdún méjìlélógún sẹ́yìn, ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, Àlùdán nìkan ló wà ní ọgbà iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Ọkùnrin kan gbé ọkọ̀ aláwọ̀ ewé wọlé, iná òsì rẹ̀ ti fọ́, fẹ́ńdà òsì ti ya, ihò tí orí èèyàn lè wọ̀ sì wà lábẹ́ iná náà. Ó ní ewúrẹ́ ni òun kọ lù. Ó ní kí ó dí i, kí ó kun ún ní búlúù láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ó sì ti ṣe tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí Àlùdán bá ti dẹwọ́, ọkùnrin náà yóò fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lu òrùlé ọkọ̀: kò, kò, kò. Gbogbo ẹni tó ń lu ara ọkọ̀ ló mọ ọgbọ́n burúkú kan, tí ọ̀gá rẹ̀ kórìíra bí ìgbẹ́: ihò tí ó yẹ kí wọ́n fi irin dí, wọn a ki àkísà bọ inú rẹ̀, wọn a wá rẹ́ pọ́tì, ìyẹn lẹ́ẹ̀ tó máa ń gbẹ bí òkúta, lé e lórí. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta a di iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta. Àlùdán wá àkísà yíká, kò rí. Aṣọ kan há sí etí iná tó fọ́ náà, ó tutù, ó sì wúwo. Apá ẹ̀wù ni, aṣọ búlúù, òwú pupa ni wọ́n fi rán etí ọwọ́ rẹ̀. Ewúrẹ́ kì í wọ ẹ̀wù. Ó mọ èyí lọ́jọ́ náà, ó sì dákẹ́. Ó fún omi inú aṣọ náà dànù, ó ki í bọ inú ihò, ó sì rẹ́ pọ́tì lé e.

Ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà ni ó pàdé ọmọbìnrin aránṣọ kan. Apínlẹ́tà ni bàbá ọmọ náà nígbà ayé rẹ̀. Orí kẹ̀kẹ́ ni ó wà nígbà tí ọkọ̀ kan yà kúrò lọ́nà tirẹ̀, ó lọ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kò sì dúró. Ẹnì kan ṣoṣo tí ó rí i lókèèrè ní aláwọ̀ ewé ni. Àwọn ọlọ́pàá ṣa àfọ́kù iná òsì, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. "Ìwọ tí gbogbo ọkọ̀ tó fara pa ń gba ọwọ́ rẹ kọjá," ni ọmọbìnrin náà wí fún un, "ìwọ ló máa bá mi rí i." Ó ti rò ó lọ́kàn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọkọ̀ aláwọ̀ ewé pọ̀ nílẹ̀ bí eṣú, ni ó fi tu ara rẹ̀ nínú, ó sì fẹ́ ẹ.

Ìgbà tí wọ́n bí àkọ́bí wọn ni obìnrin náà sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀wù. Ẹ̀wù àkọ́kọ́ tí òun rán láyé òun ni, bàbá òun ni òun rán an fún. Òwú búlúù tán nígbà tí ó ku etí ọwọ́ òsì, òun bá fi pupa parí rẹ̀. Òun fẹ́ tú u, bàbá òun kọ̀, ó ní kò sí ẹlòmíì láyé tó ní irú rẹ̀. Ẹ̀wù yẹn ni bàbá òun wọ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ gbá a. Nígbà tí wọ́n gbé e délé, apá òsì ẹ̀wù náà kò sí lára rẹ̀.

Àlùdán gbọ́ èyí pẹ̀lú ọmọ tuntun lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sọ nǹkan kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bọ́ síbí kí n wò ó."

Tíṣà ti sọ̀ kalẹ̀. Ó gba òòfà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbé e káàkiri fẹ́ńdà náà bí ìgbà tí ó bá wà níwájú kíláàsì, ó ń fi ìka sàmì sí ibi tí ó ti ń lẹ̀ àti ibi tí kò ti lẹ̀ nínú eruku. Nígbà tí ó parí, àmì náà tóbi tó àwo oúnjẹ. Ó fi ìka lù ú, ó ń dún bòm̀bòm̀.

"Pọ́tì ni gbogbo èyí! Irin kankan ò sí níbẹ̀. Nǹkan kan ni wọ́n kì sínú rẹ̀." Ó mi orí. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ṣe irú iṣẹ́ burúkú yìí?"

"Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe é," ni Àlùdán wí.

"Ẹ̀yin ò lè ṣe é."

Àlùdán dùbúlẹ̀, ó wọ abẹ́ fẹ́ńdà lọ láti ẹ̀yìn táyà, ó tan tọ́ọ̀ṣì sókè. Ó ṣì ń retí pé òun ṣèṣì, pé aṣọ mìíràn ni, pé ọkọ̀ mìíràn ni. Ẹrẹ̀ ti gan mọ́ ibẹ̀. Ó fi sikuduráfà tú u díẹ̀díẹ̀, erùpẹ̀ ń dà sí i lójú. Láti inú pọ́tì tó ti sán, ahọ́n aṣọ kan yọ jáde, ó ti di àwọ̀ eérú. Etí rẹ̀ nìkan ni kò tíì ṣá tán. Òwú pupa ni, ó tò wẹ́wẹ́, ó wọ́ díẹ̀ bí iṣẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Ó pa tọ́ọ̀ṣì. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ nínú òkùnkùn abẹ́ ọkọ̀ náà, kò sì fẹ́ jáde mọ́. Ẹ̀rù ń bà á bí ọmọdé. Ó ń gbọ́ ọ̀pá lókè, ó sì ń gbọ́ ẹsẹ̀ nọ́ọ̀sì tí ó ti lọ mú ìwé ọkọ̀ wá nínú ilé.

"Àwọ̀ ewé?" ni Tíṣà ń wí. "Ìwé yìí ní àwọ̀ ewé ni ọkọ̀."

"Ó ṣeé ṣe," ni nọ́ọ̀sì dáhùn. "Búlúù ni èmi mọ̀ ọ́n sí."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Ọlọ́run ló yọ wá pé Àǹtí mi ò sí níbí. Kò sí ọkọ̀ aláwọ̀ ewé tí wọn kì í bá jà."

Àlùdán jáde. Ó gbọn eruku kúrò lórúnkún, ó gbọn èyí tí kò sí níbẹ̀ pàápàá. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ dúró ṣinṣin, ó sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu.

"Fi í sílẹ̀. Kò dára."

"Kò dára kẹ̀? Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ilẹ̀ rẹ̀ le. Ẹ ní ẹ́ńjìnnì ń yí."

"Mo ti rí ẹ̀yìn fẹ́ńdà. Ó ti jẹrà wọ inú. Wàhálà ni yóò kó ọ sí."

Ojú Tíṣà rẹ̀wẹ̀sì. Ó wo ọkọ̀ náà láti imú dé ìdí, ó fi ọwọ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan bí ẹni ń dágbére. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí bàbá wọn kú, ilé Àlùdán ni ó sì ti dàgbà. Bí Àlùdán bá sọ pé òjò yóò rọ̀, yóò mú agbòjò jáde nínú oòrùn. "Ó dára," ni ó wí. "Ohun tí ẹ bá ti wí, ó parí. Kò sí ohun tí ẹ ò mọ̀ lára ọkọ̀."

"A jẹ́ pé àwọn onírin ni yóò kó o," ni nọ́ọ̀sì wí. "Wọ́n ti ní àwọn ń bọ̀ lọ́la. Wọ́n ní inú iná ni gbogbo rẹ̀ ń lọ tààrà, wọn kì í yọ nǹkan kan."

Lọ́la. Àlùdán gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ara sì tù ú, ìtura náà sì bà á lẹ́rù ju ohun tí ó rí lábẹ́ ọkọ̀ lọ. Kò ní ṣe ohunkóhun rárá. Yóò kàn bọ́ sọ́nà, yóò lọ parí oúnjẹ tí ó fi sílẹ̀, nígbà tí ó bá sì di irú àkókò yìí lọ́la, kò ní sí ohun tí ẹnikẹ́ni láyé lè fi mú un. Ó wo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá náà ń wò ó. Ọ̀pá rẹ̀ ń lu ilẹ̀, kò, kò, kò, ṣe kíá, kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun kan náà ni òun àti bàbá náà ń fẹ́.

Fóònù rẹ̀ dún. Ìyàwó rẹ̀ ni.

"Bàbá wọn, ẹ ṣì wà níbẹ̀?" Ó ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tí ó ń sáré lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Oúnjẹ yín ti tutù o. Mo sì ní kí ọmọkùnrin yẹn jẹ́ kí ẹ jẹun."

"A ti ń múra àtilọ."

"Ọkọ̀ náà ńkọ́?"

"Kò dára."

"Háà. Ó mà ṣe o. Kò sì sùn lánàá nítorí rẹ̀." Ẹ̀rọ ìránṣọ náà dúró. Àlùdán mọ ohun tí ó ń bọ̀, nítorí obìnrin náà kò da ọ̀rọ̀ yẹn pọ̀ mọ́ iṣẹ́ rí. Ìyàwó rẹ̀ a máa dá ẹsẹ̀ ẹ̀rọ dúró kí ó tó bèèrè. "Ṣé ẹ ti wo ọwọ́ òsì rẹ̀?"

Láti ogún ọdún, gbogbo ọkọ̀ àtijọ́ tó bá gba ọgbà iṣẹ́ rẹ̀ kọjá ni obìnrin náà ti ń bèèrè bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni yóò wá fúnra rẹ̀, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ ra fẹ́ńdà òsì láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ìgbà tí ó bá ń wo ojú aṣọ. Ohun kan náà ni Àlùdán sì ti ń fi dá a lóhùn: mo ti wò ó, kò sí nǹkan níbẹ̀. Òótọ́ ni nígbà gbogbo. Ó ti fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún un, ó ti fi pamọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì purọ́ fún un rí nínú ìdáhùn yẹn. Òun ni ohun kan ṣoṣo tí ó kù tí ó fi ń pe ara rẹ̀ ní ọkọ rẹ̀.

"Bàbá wọn? Ẹ ń gbọ́ mi?"

Ó ya ẹnu láti sọ ọ́. Mo ti wò ó. Ìyẹn jáde. "Mo ti wò ó," ni ó wí, ìyókù kò sì tẹ̀ lé e. Ó dúró dè é, kò wá.

Ìyàwó rẹ̀ náà dúró dè é.

"Máa bọ̀," ni Àlùdán wí. "Ilé tí páànù bo ọkọ̀ lẹ́yìnkùlé ni, létí ìlú, lẹ́yìn ilé epo. Àbúrò rẹ á júwe rẹ̀ fún ọ. Mú awò tí o fi ń ránṣọ dání."

Kò bi í pé kí ni awò fẹ́ ṣe. Ó kàn gbọ́ tí àga wọ́ nílẹ̀, fóònù sì kú.

Tíṣà ń wò ó, nọ́ọ̀sì náà ń wò ó pẹ̀lú ìwé ọkọ̀ lọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti yí ọkàn padà ni? Kí ni Àǹtí fẹ́ wá fi awò wò lára irin?"

Àlùdán fi òòfà lé òrùlé ọkọ̀, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn gbagidi. Ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà tó ti di pẹlẹbẹ náà, ó gbé ẹ̀yìn ti fẹ́ńdà, kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kàn án kí obìnrin náà tó dé.

"O bi mí lẹ́ẹ̀kan ta ló ṣe iṣẹ́ yìí," ni ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Èmi ni."

Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tí ó wo ojú rẹ̀, ẹ̀rín náà kú. Ó wo ìwé tó wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó wo ibi tí wọ́n ti ha ọ̀dà, níbi tí àwọ̀ ewé ti yọ lábẹ́ búlúù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ Àlùdán àti ọkọ̀ náà. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀pá bàbá náà kò dún mọ́.